Ológbò Gbé Eegun Mọ́rúfù Lọ

Mọ́rúfù akọ̀wé kì í mu gààrí.

Ohun tó ń sọ fún gbogbo èèyàn ní Ẹ̀sítéètì Adéwọlé nìyẹn. Bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ gààrí níwájú rẹ̀, á yínmú, á gbọn etí agbádá.

“Gààrí kẹ̀? Èmi? Inú mi ò gbà á rárá. Ẹran ni tèmi.”

Irọ́!

Irọ́ tó ga ju gogoro mọ́ṣáláṣí lọ!

Ọdún 1978 ni wọ́n kó dé Adéwọlé, owó ilé tuntun náà sì gbé ìdajì owó oṣù Mọ́rúfù mì káló. Ká kúkú sọ òótọ́, onílé ló ń bá wọn jẹ ẹran wọn. Òun, Rokibat ìyàwó rẹ̀ àti Sìdí ọmọ wọn, kókó àti àkàrà ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni láàárọ̀. Lọ́sàn-án, gààrí àti kúlíkúlí. Lálẹ́, gààrí láìsí kúlíkúlí, torí kúlíkúlí ti tán lọ́sàn-án.

Ṣùgbọ́n ta ni yóò mọ̀? Mọ́rúfù ti dá ọgbọ́n sí i. Ó lọ bá alápatà kan lọ́jà Ìpàtà, ó ra eegun itan màlúù kan ṣoṣo, tó tóbi bí ọmọ odó. Wọ́n ti ha gbogbo ẹran ara rẹ̀ débi pé eṣinṣin bà lé e, ó wò ó, ó fò lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ gbogbo, tí wọ́n bá ti kírun alásárì tán, Rokibat á ju eegun yìí sínú ìkòkò pẹ̀lú àlùbọ́sà àti irú. Tó bá ti ń hó, Mọ́rúfù á gbé abẹ̀bẹ̀, á dúró ti fèrèsé, á máa fẹ́ èéfín ọbẹ̀ náà sí ilé Tíṣà Mohammed tó wà lódìkejì.

Fẹ́ẹ́ẹ́! Fẹ́ẹ́ẹ́!

“Háà! Ilé Akọ̀wé!” Àwọn tó ń kọjá á máa gbé itọ́ mì.

Bí òórùn bá ti kárí àdúgbò tán, Rokibat á yọ eegun, á nù ún gbẹ, á fi okùn so ó kọ́ sára ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó di ọ̀la. Mọ́rúfù á wọlé, á ti ilẹ̀kùn, á da gààrí sọ́nà ọ̀fun. Nígbà náà ni yóò wá jáde síta, tòun ti igi ìtayín, á máa ta eyín rẹ̀ lójú gbogbo ayé.

Ẹ wò ó, kí ló wà nínú gààrí tó fẹ́ há séèyàn léyín?

Ẹ̀rín ń pa mí!

Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, eegun ti funfun bíi ṣọ́ọ̀kì. Bí Tíṣà Mohammed bá rí i, á gbé e lọ sí kíláàsì, á fi kọ A, B, D.

Ọjọ́ Sátidé kan ló bàjẹ́. Mọ́rúfù jókòó nínú ilé ìdáná, síńgílẹ́ẹ̀tì lọ́rùn, ṣòkòtò péńpé nídìí, kọ́ọ̀pù gààrí lọ́wọ́. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bu ṣíbí kejì sẹ́nu ni.

Fìrì!

Ológbò dúdú kan, tó sanra bí ọmọ ewúrẹ́, bẹ́ gba ojú fèrèsé wọlé. Kò wo ọ̀tún, kò wo òsì. Ó já eegun gbà lára ìṣó, jáá! Ó di ìta.

“Yéè! Rokibat! Ológbò ti gbé e lọ!”

“Gbé kí ni?”

“Eegun!”

“Súbúhánálàhì! Bàbá Sìdí, ẹ jẹ́ kó máa gbé e lọ! Ṣé ẹ fẹ́ kí gbogbo ayé rí i ni?”

“Kí la wá máa sè lọ́la?”

Mọ́rúfù ti bẹ́ síta, kò tiẹ̀ rántí pé kọ́ọ̀pù gààrí ṣì wà lọ́wọ́ òun.

Ká ní ó dákẹ́ sáré ni, ì bá dáa. Àmọ́ ẹnu kì í jẹ́ kí Mọ́rúfù sinmi.

“Ẹran mi o! Ẹ bá mi mú un! Ẹran mi ń lọ o!”

Ẹran kẹ̀? Ní Sátidé? Lásìkò tí apá èèyàn ò ká ẹran? Gbogbo Adéwọlé dìde! Asabe, ìyàwó Tíṣà, jáde tòun tọmọrogùn. Tíṣà fa pàṣán yọ. Gìdìgìdì, gìdìgìdì, wọ́n gbá tẹ̀lé ológbò.

Ní ilé àkọ́kọ́, wọ́n ní ológbò gbé ẹran Akọ̀wé.

Nígbà tí wọ́n fi dé ẹ̀yìn kànga, wọ́n ní itan màlúù odidi ni.

Kí wọ́n tó já síta títì, bàbá arúgbó kan ti ń sọ fún àwọn tó ń bọ̀ pé, “Ológbò kọ́ o! Ẹkùn ni! Màlúù ló gbé, mo rí ìwo rẹ̀!”

Ológbò sáré títí, ó rí i pé ìlú ti dojú kọ òun. Ó gun igi máńgòrò, wèrèwèrè, ó yíjú padà sáwọn èrò, ó la ẹnu: “Hàààà!”

Ẹnu tó là ni eegun bá já bọ́.

KỌ́Ọ̀!

Ó dún bí ìgbà tí igi gbígbẹ bá bọ́ lájà. Asabe fi ọmọrogùn yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì.

“Kí lèyí? Ẹfun ni àbí eegun?”

Tíṣà bẹ̀rẹ̀, ó wò ó dáadáa. “Akọ̀wé, ẹran dà?”

Òógùn bo Mọ́rúfù. “Ẹran… ológbò ti jẹ ẹ́ tán lójú ọ̀nà.”

“Ó ń sáré, ó ń jẹ ẹ́?”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Ó ń jẹ ẹ́, ó sì ń fọ̀ ọ́?”

“Ó… ó lè rí bẹ́ẹ̀.”

“Ó fọ̀ ọ́ tán, ó wá sá a sóòrùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kó tó gun igi?”

Ibi tí Mọ́rúfù ti ń wá irọ́ mìíràn ni ológbò ti rọra sọ̀ kalẹ̀. Ó lọ bá eegun. Ó gbóòórùn rẹ̀ lókè, ó gbóòórùn rẹ̀ nísàlẹ̀.

Hìnṣín! Ó sín.

Ó kọ ẹ̀yìn sí i, ó bá tirẹ̀ lọ.

Yéè, ìhà mi o! Àwọn èèyàn wó lulẹ̀. Ẹlòmíì di igi máńgòrò mú kó má baà ṣubú.

“Akọ̀wé,” Tíṣà tún ní, “kí ló wà ní irùnmú yín yẹn?”

Mọ́rúfù fọwọ́ kàn án. Gààrí ni. Ó tún wà láyà síńgílẹ́ẹ̀tì, ó ti wú rúkú. Ó wo kọ́ọ̀pù ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni pé ẹlòmíì ló gbé e há òun lọ́wọ́, ó sì ki eré mọ́lẹ̀. Eré tó sá lọ sílé ju èyí tó sá bọ̀ lọ. Rokibat tó ní kí wọ́n fi eegun sílẹ̀ náà ló wá bẹ̀rẹ̀ mú eegun ọ̀hún, tó fi ìborùn wé e, tó gbé e relé.

Lọ́jọ́ kejì, Mọ́rúfù ò jáde. Ó ní òun máa kó kúrò ní Adéwọlé. Ó ní òun máa kó kúrò ní Ìlọrin pàápàá.

Nírọ̀lẹ́, kó, kó, kó.

“Ta ni?” Rokibat béèrè.

“Èmi Asabe ni.”

Mọ́rúfù sá sẹ́yìn kọ́tìnì. “Sọ pé mi ò sí nílé! Ó wá fi mí ṣẹ̀sín ni!”

Asabe wọlé, ó wo ẹ̀yìn wò, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

“Ìyá Sìdí, ẹ dákun. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi méjì ń bọ̀ láti Òkè-Òyì lọ́la. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá wa ní eegun yẹn.”

“Eegun wo?”

“Ti ológbò àná. Tiwa ti fọ́ sínú ìkòkò láti Ọjọ́rú.”

Orí Mọ́rúfù yọ lẹ́yìn kọ́tìnì. “Tiyín?”

“Bàbá Sìdí, ẹ má jẹ́ kí Tíṣà gbọ́ pé mo sọ ọ́ o.”

Mọ́rúfù wọ ilé ìdáná, ó já eegun lára ìṣó, ó fi ìwé ìròyìn wé e jẹ́jẹ́, ó gbé e fún Asabe bí ẹni gbé ọmọ tuntun.

Obìnrin náà ti dé ẹnu ọ̀nà kí Mọ́rúfù tó sáré tẹ̀lé e.

“Ìyàwó Tíṣà! Ẹ má fi káún sí i o! A ṣì máa sè é dé Iléyá!”