Bí Mo Ṣe Ṣíwájú Wọn Láàárín Oko Àjàrà ní Faransé

Ọjọ́ kan wà tí mo ti ní kó máa lọ láìmọye ìgbà, tí kò gbọ́. Ó ṣì jókòó sọ́kàn mi bí àlejò tí kò mọ̀ pé ilẹ̀ ti ń ṣú. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ fún yín, bóyá bó bá rí ilé tuntun, yóò kó lọ.

Peckham ní London ni mò ń gbé. Bọ́ọ̀sì ni mò ń wà níbẹ̀ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Nígbà tí dókítà wá ní kí n máa ṣe eré ìdárayá, mo lọ bá àwọn ọmọ Yorùbá kan tí wọ́n máa ń sáré ní páàkì láàárọ̀ Sátidé. Mùsùlùmí wà nínú wọn, aláṣọ funfun wà nínú wọn. Ẹsẹ̀ kò kúkú ní ẹ̀sìn. Èmi nìkan ni orí mi ti funfun, nítorí náà Dádì ni wọ́n ń pè mí. Ohun kan yà mí lẹ́nu láti ọjọ́ àkọ́kọ́: kò sí ẹni tó lè sáré kọjá mi. Ọmọkùnrin tí iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ le bí okùn, ẹ̀yìn mi ló wà. Ọmọbìnrin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn bí ti ẹtu, ẹ̀yìn mi ló wà. Mo délé, mò ń fọ́nnu fún ìyàwó mi.

"Bàbá Láídé," ló wí, kò tilẹ̀ gbójú kúrò lára aṣọ tó ń lọ̀, "àwọn ọmọ yẹn ń sìn yín ni. Wọn ò bá yín díje."

Mo ní lọ́kàn mi pé ìlara ló ń ṣe é.

Nígbà tí ojú ọjọ́ móoru, ẹgbẹ́ wa pinnu pé ká lọ sáré ní ìgbèríko Faransé. Kì í ṣe ìdíje. A ó sùn sí abúlé kan. Bó bá di ọ̀sán ọjọ́ kejì, a ó gba àárín oko àjàrà, a ó máa tẹ̀lé etí odò, a ó kọjá lára ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kan tí òrùlé rẹ̀ ti wó, a ó gun afárá olókùúta kan tó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí baba ńlá wa, títí a ó fi dé ilé olódi kan tí ọba wọn kọ́ sórí omi láyé àtijọ́. Aago márùn-ún ni wọ́n ń ti ilẹ̀kùn ilé náà. Ọkọ̀ ojú irin wa sì ń padà sí London lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Nínú gbogbo wa, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Sídí ni ìrìnàjò yìí ká lára jù. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ló ń ṣe ní ọ̀nà Walworth, ṣíìfù lórí ṣíìfù, agbára káká ló fi gba àyè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀. Nínú ọkọ̀ ojú irin tó gba abẹ́ òkun lọ, ẹ̀gbẹ́ mi ló jókòó sí. Ó sọ fún mi pé ìyá òun ní Ìbàdàn ní agolo bísíkíìtì kan tí wọ́n ń kó òwú àti abẹ́rẹ́ sí, àti pé àwòrán ilé olódi yẹn gan-an ló wà lójú ìdérí agolo náà.

"Ní kékeré, mo máa ń bi wọ́n pé ta ló ń gbébẹ̀," ó ní. "Wọ́n á ní, 'Èmi ò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n bó o bá débẹ̀, bá mi yọjú sí kíṣìnì wọn, kó o wò ó bóyá wọ́n máa ń fọ abọ́.'"

Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín.

"Ojú wọn ló ń ṣú, Dádì. Dókítà ní kò ní pẹ́ mọ́ tí wọn ò ní ríran. Mo ti sọ fún wọn pé màá pè wọ́n lórí fídíò láti inú kíṣìnì yẹn, kí wọ́n rí i."

"O ó débẹ̀," ni mo wí. "Ṣebí èmi ni mò ń ṣíwájú."

Báyìí la gbéra lọ́jọ́ kejì, èmi níwájú, ẹgbẹ́ lẹ́yìn. Ibẹ̀ dára, ẹ̀yin ènìyàn mi. Àjàrà tò lọ lórí òkè bí irun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dì. Mo ń kí àwọn òṣìṣẹ́ oko, "Ẹ kú iṣẹ́ o!", wọ́n ń juwọ́. Mo kí igi kan tí mo rò pé ènìyàn ni. Inú mi ń dùn, àyà mi ń yọ síwájú.

Ibi tí ọ̀nà ti pín sí méjì ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà ọ̀tún ló tẹ̀lé odò. Àmọ́ àwọn ẹyẹ funfun kan jáde láti inú ọgbà, wọ́n dà bíi pẹ́pẹ́yẹ, ṣùgbọ́n wọ́n tóbi jù ú lọ, ọrùn wọn sì gùn bí ejò. Èyí tó jẹ́ olórí wọn na ọrùn sí mi, ó pariwo bí ẹni tí mo jẹ ilẹ̀ baba rẹ̀. Ẹsẹ̀ mi ti yà sí òsì kí orí mi tó gbọ́. Ṣé kí n wá sọ fún àwọn ọmọ pé ẹyẹ ló lé mi ni? Mo nawọ́ sókè bí ọ̀gágun, mo ní, "Ibí ló yá jù!"

Gbogbo wọn yà tẹ̀lé mi.

Kò pẹ́ tí obìnrin inú fóònù Kúnlé bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀. Kúnlé yìí, Stockwell ní London ni wọ́n bí i sí, ọ́fíìsì ló ti ń ṣiṣẹ́, òun ló gbé máàpù lọ́wọ́. Obìnrin náà ní ká yí padà. Ó tún un sọ. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ohùn rẹ̀ ò sì ní ọ̀wọ̀ kankan nínú.

"Kúnlé," ni mo ké, mi ò dúró, "ta ló ń bá mi jiyàn lẹ́yìn yẹn?"

"Sorry, Dádì. Mo ti off ẹ̀, sà."

Lẹ́yìn náà ni Sídí sún mọ́ mi. Kò sáré kọjá mi o. Ó jẹ́ kí èjìká rẹ̀ wà lẹ́yìn tèmi díẹ̀.

"Dádì, ó dà bíi pé ohùn odò yẹn ti ń jìnnà. Àbí etí mi ni?"

"Etí ẹ ni."

"Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, sà."

Yorùbá èyíkéyìí tó bá gbọ́ èyí mọ̀ pé ọmọ náà ti pariwo. Bí ọmọ tí wọ́n kọ́ ṣe ń pariwo létí àgbà nìyẹn. Èmi tí mo kọ́ àwọn ọmọ tèmi bẹ́ẹ̀, èmi ni mi ò gbọ́.

A wọ ẹrẹ̀. Ẹrẹ̀ gba bàtà mi kan, ó gbé e mì, kò sì dá a padà. Kíá, Kúnlé ti bọ́ tirẹ̀ fún mi, ó ní òun fẹ́ràn kí ilẹ̀ máa kan òun lẹ́sẹ̀. Bàtà náà tó ọkọ̀ ojú omi. Pàpàpà ni mò ń dún lọ nínú oko olóko. A dé àgbàlá ìyá kan tó ń fún wàrà màlúù. Ìyá náà wò wá, ó dìde, ó na ọwọ́ méjèèjì síbi tí a ti ń bọ̀, ó ń sọ Faransé kíkankíkan.

"Ó ń kí wa káàbọ̀ ni," mo ní. Mo tẹrí ba fún un, a bá tiwa lọ.

Nígbà tó yá, mo rí ilé gíga kan lókè, ó funfun, ó rí róbótó. "Ilé ọba rèé!" Mo pariwo débi pé ẹyẹ fò. Àwọn ọmọ tò síwájú ilé náà, wọ́n ń ya fọ́tò. Wọ́n ní kí Dádì dúró sáàárín. Mo dúró, mo fọwọ́ sí ìbàdí. Bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀kùn irin ńlá kan ṣí, katakata kan sì jáde pẹ̀lú àpò ọkà lẹ́yìn. Ibi tí wọ́n ń kó ọkà pamọ́ sí ni.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ìbá sàn kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Sídí gbójú wo ilé náà látòkè délẹ̀, ó ní, "Ó ga dáadáa, Dádì." Ojú rẹ̀ ni mo wò tí mo fi mọ ohun tí mo ṣe.

Àwọn baba wa ní ohun tí àgbà fi ìjókòó rí, ọmọdé ò lè rí i lórí ìdúró. Wọn ò sọ ohun tí àgbà máa rí bó bá ń sáré.

Mo ní kí Kúnlé tan obìnrin inú fóònù yẹn padà. Ọ̀nà tó là kalẹ̀ fún wa gùn bí ọjọ́ ààwẹ̀. A sáré. Mo bẹ Sídí kó máa lọ, kó fi wá sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin ńkọ́, sà?" Kò lọ. A kọjá lára ṣọ́ọ̀ṣì, a gun afárá, kò sẹ́ni tó wò wọ́n. Nígbà tí a já sí ilé olódi náà, aago márùn-ún ti lù, ilé náà dúró sórí omi pẹ̀lú gbogbo ẹwà rẹ̀, ọkùnrin kan sì ń yí kọ́kọ́rọ́ nínú géètì.

Mo bẹ̀ ẹ́ lédè Yorùbá, mo bẹ̀ ẹ́ lédè òyìnbó. Ó mi orí. Kí ni mo tún lè ṣe? Mo dọ̀bálẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ẹrẹ̀ tó bò mí, níwájú ọkùnrin tí mo lè bí. Ọkùnrin náà rò pé mo dákú ni. Ó sáré lọ bu omi wá, ó ń rọ ọ́ sí mi lórí.

Sídí ló gbé mi dìde. "Dádì, ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má torí tèmi ṣe èyí." Ó nu ẹrẹ̀ kúrò níwájú orí mi pẹ̀lú etí ìbòrí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣeun, sà. A ti rí ògiri ẹ̀."

Ká ní ó bú mi ni, ǹ bá ti gbàgbé.

Nínú ọkọ̀ ojú irin ni fóònù rẹ̀ dún. Mo gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ láti Ìbàdàn.

"A débẹ̀, Màámi," ni Sídí wí. "Àwòrán ò lè wọlé dáadáa níbi tí mo wà yìí ni... Bẹ́ẹ̀ ni, mo wọ kíṣìnì wọn. Wọ́n ń fọ abọ́, Màámi. Wọ́n fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní."

Ìyá náà rẹ́rìn-ín lọ́hùn-ún. Ó ní kí wọ́n fún òun ní bàbá tó mú wọn lọ. Mo gba fóònù náà.

"Ẹ ṣé o, Bàbá. Ẹ bá mi mú ọmọ mi débẹ̀. Bí àgbà ò bá sí, ìlú á bàjẹ́."

Mo ní, "Ẹ má dúpẹ́, Màámi." Òótọ́ kan ṣoṣo tí mo sọ lọ́jọ́ náà nìyẹn. Ojú ìyá yẹn ti ṣú pátápátá báyìí.

Láti ìgbà náà ni mo ti kó lọ sẹ́yìn. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé àgbà tí kò bá gbọ́ "rárá" láti àárọ̀, kó yáa wo ibi tó ń gbé ẹsẹ̀ lé. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn náà ò gbà mí: àwọn ọmọ ní àwọn ò lè fi àgbà sílẹ̀. Bí mo bá rọra, wọ́n á rọra. Lọ́jọ́ kan, ìyá arúgbó kan ń ti kẹ̀kẹ́ ọjà rẹ̀ lọ, ó sì kọjá gbogbo wa.

Ní Sátidé tó kọjá, a dé oríta kan lẹ́bàá New Cross. Mo dúró. "Sídí, ọ̀nà wo?"

"Ibi tí ẹ bá fẹ́, Dádì."

"Mi ò fẹ́ ibì kankan. Ìwọ ni mo bi."

Ó wolẹ̀. Gbogbo ẹgbẹ́ wolẹ̀. Bọ́ọ̀sì ń kọjá lára wa. Lójijì ni Sídí yà sí ọ̀tún, ó ki eré mọ́lẹ̀, mo sì rí ẹ̀yìn rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Eré ọmọ náà dùn ún wò! Mo tẹ̀lé e. Èmi tí mo wa bọ́ọ̀sì ládùúgbò náà mọ̀ dájú pé ògiri ló wà níparí ọ̀nà yẹn. Kúnlé sún mọ́ mi, ó ní, "Dádì, ṣé ibí yìí ò ní—" Mo ní kó panu mọ́, kó máa sáré.

A dé ibi ògiri. Sídí wo ògiri, ó yíjú sí mi.

"Dádì, ẹ mọ̀, àbí ẹ ò mọ̀?"

"Mo mọ̀."

"Kí ló wá dé tí ẹ ò sọ?"

"Sídí," mo ní, "báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ fún ẹni tó ń ṣíwájú?"

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi fara ti ògiri náà. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ògiri ilé olódi yẹn ni mò ń rí.