Ògiri Màmá Hàwáù àti Bàálù Mẹ́kà

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni Màmá Hàwáù ará Fìdítì ń lọ sí Mẹ́kà, àdúgbò sì ti ń pè é ní Àlàájà. Kò wọ bàálù rí, ni ọmọ rẹ̀ ọkùnrin bá rán Àkànbí, ọmọ-ọmọ Màmá tó ń ṣiṣẹ́ lára bàálù n'Íkẹjà, pé kó lọ kì í láyà.

"Iṣẹ́ wo lo tiẹ̀ ń ṣe gan-an, Àkànbí?"

"Mo máa ń wá ibi tí ara bàálù ti sán ni, Màmá."

"Bàálù a máa sán?"

Inú Àkànbí dùn. Kò sẹ́ni tó bi í nípa iṣẹ́ yìí rí. "Á kúkú sán! Tó bá gòkè, afẹ́fẹ́ á fẹ inú ẹ̀. Tó bá balẹ̀, á tún sún kì. Bó bá pẹ́, á rẹ irin náà."

"Ó rẹ irin? Kí ni irin gbé?"

"Èèyàn bíi yín ni, Màmá."

"Tẹ́ ẹ bá wá rí ibi tó sán ńkọ́?"

"A ó lu ihò kékeré síbi tó sán dé, kó má baà sán kọjá ibẹ̀."

"Ó ti sán, ẹ tún wá lu ú!"

"A ó lẹ irin mìíràn mọ́ ọn, a ó kàn án pinpin."

"Aṣọ tí mo bá lẹ̀, n kì í wọ̀ ọ́ kọjá oko. Gbé àpótí ìrìn-àjò mi padà sábẹ́ ibùsùn."

Kí ni Àkànbí yóò sọ fún bàbá rẹ̀? "Màmá, kò séwu rárá!"

"Ògiri tó bá lanu, aláǹgbá ní í wọ̀ ọ́. Bàálù tó bá lanu ńkọ́, kí ní í wọ̀ ọ́?"

"Kò sóhun tó ń wọlé, Màmá. Àwọn tó wà nínú ní í jáde."

Ó gé ahọ́n ara rẹ̀ jẹ, ṣùgbọ́n ẹ̀pa ò bóró mọ́.

"Wọ́n á jáde? Nígbà tí kò tíì balẹ̀?"

Aláǹgbá kan yọrí lẹ́yìn kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ àsáláátù tí Màmá fi kọ́ ara ògiri yàrá. Iṣẹ́ ẹni kì í jẹ́ kéèyàn simi. Àkànbí ṣí kàlẹ́ńdà náà. Ògiri ti sán láti àjà dé ilẹ̀.

"Màmá! Ibí lẹ ń sùn?"

"Kí wọ́n tó bí bàbá rẹ ló ti wà bẹ́ẹ̀. Irin lẹ fi ń bo tiyín, kàlẹ́ńdà ni mo fi ń bo tèmi."

"A ti yẹ tiwa wò, Màmá. Ta ló yẹ tiyín wò?"

"Ó dáa. Sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri yìí mọ́jú. Tó o bá jí, màá wọ bàálù àlẹ̀mọ́ yín."

Àkànbí wo ògiri, ó wo àjà. Erùpẹ̀ díẹ̀ jábọ́ sí i léjìká. Ó rọra gbé báàgì rẹ̀ kọ́ apá.

"Màmá, ṣé ọkọ̀ ojú omi ò lọ sí Mẹ́kà mọ́ ni?"