Ọ̀sẹ̀ Tí Ọkọ̀ Bàbá Wa Kò Fẹ́

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí, ta ló lè sọ fún mi ìdí tí àwọn àgbà fi ń sọ pé afẹ́fẹ́ ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìyẹ? Ẹ dákẹ́, mo mọ̀ pé ẹ ò mọ̀ ọ́n. Àwọn kan á ní òwe náà ti wà kí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó dé ilẹ̀ wa. Irú wọn kò gbé ilé wa rí. Ìlú Ìlá ni òwe náà ti bẹ̀rẹ̀, ní àgbàlá bàbá wa, lójú èmi gan-an tí mo jẹ́ àkọ́bí rẹ̀.

Bàbá wa ra ọkọ̀ kan tó ní éésì, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn tútù síni lára. Bí Bàbá bá gbé ènìyàn, kì í bi í pé níbo lò ń lọ. Ohun tó máa ń bi í ni pé, "Ṣé òtútù náà ò pọ̀ jù?" Ẹni tó bá ní kò pọ̀, ẹsẹ̀ ni yóò fi rìn lọ́la.

Lọ́dún kan, nínú oṣù Ẹrẹ́nà, ooru mú débi pé ewúrẹ́ kò lè ké parí. Òwú àràbà ń léfòó kiri àgbàlá, kò yára bọ́ sílẹ̀, àfi bí ẹni pé òun náà ń tòògbé. Irú ọ̀sán bẹ́ẹ̀ ni éésì Bàbá dákẹ́. Ẹ̀rọ ń kùn o, ṣùgbọ́n ohun tó ń ti ihò rẹ̀ jáde kò ju èémí arúgbó tó ń sùn lọ.

Bàbá ránṣẹ́ pe Akínlàjà. Mẹkáníìkì ni, ọmọ Ìdànrè. Ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́, ẹnu rẹ̀ ni kò mọ ọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ Ajé, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fa bẹ́líìtì wò, ó wọn gáàsì, ó sì di páìpù kan mú títí.

"Bàbá, gáàsì pé. Páìpù yìí tutù bí omi àmù."

"Ṣé ó wá ń fẹ́?"

"Kò fẹ́."

Àbúrò mi Mosúnmọ́lá ń ránṣọ ní fàráńdà. Bó ti gbọ́ "kò fẹ́," ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ dúró díẹ̀, kó tó tún máa lọ.

Akínlàjà padà wá ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó pààrọ̀ bẹ́líìtì. Ó wá ní Ọjọ́rú, ó fọ iwájú ẹ̀ńjìnì. Ó bèèrè omi, ó sì ń mu omi tútù náà bí ẹni tó ń mu ẹ̀kọ gbígbóná.

"Ṣé ó fẹ́ lónìí, Bọ̀ọ̀dá?" Mosúnmọ́lá ló bi í.

"Bóyá ó fẹ́, Sístà. Bóyá nǹkan kan ló kàn dí i lọ́nà."

"Ẹ má kánjú o."

"Mi ò kánjú."

Mo pè é láti inú yàrá pé, "Mosún, láti àárọ̀ lo ti ń rán etí aṣọ kan ṣoṣo."

"Aṣọ náà ló gùn, ẹ̀gbọ́n mi."

Ní Ọjọ́bọ̀, sùúrù Bàbá tán. Ó ní, "Akínlàjà, bí ọkọ̀ yìí kò bá fẹ́ lọ́la, màá gbé e lọ fún ẹlòmíì ní Òṣogbo. O ò sì gbọdọ̀ yọjú sí àgbàlá yìí mọ́."

Mosúnmọ́lá wọlé tọ̀ mí wá, ojú rẹ̀ ti kọ́rẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, bí ó bá fẹ́, kò ní ohun tó ń wá ṣe níbí mọ́. Bí kò bá sì fẹ́, Bàbá á lé e."

"Ta ni kò fẹ́?"

"Ọkọ̀ ni kò fẹ́. Èmi fẹ́."

Ìgbà yẹn ló tó jẹ́wọ́. Ihò kan wà ní ẹsẹ̀ gíláàsì iwájú, níbi tí ọkọ̀ ti ń fa afẹ́fẹ́ mu. Ìbòrí rẹ̀ ti já bọ́ tipẹ́. Ibẹ̀ ni àbúrò mi kó koríko gbígbẹ sí, ó gbé adìyẹ rẹ̀ tó sàba sórí ẹyin mẹ́sàn-án síbẹ̀, ó sì fi gèlè àtijọ́ bò ó, torí ó mọ̀ pé bí ọkọ̀ bá ń ṣàìsàn nìkan ni Akínlàjà ń wá. Ẹ sì mọ adìyẹ tó bá sàba, ẹ̀ńjìnì kò tó ohun tó lè lé e dìde.

"Ohun kan ló rú mi lójú," ó ní. "Mo ń bá àgbàdo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́. Èmi kọ́ ni mo ń bù ú sí i."

"Oorun ló ń dà ọ́ láàmú," ni mo fi dá a lóhùn.

Ní ọjọ́ Ẹtì, Bàbá kò dúró de ẹnì kankan. Ó ti yá ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fẹ́ atẹ́gùn sí táyà. Ó jókòó sínú ọkọ̀, ó ki rọ́bà rẹ̀ bọ ihò éésì. Akínlàjà sáré dé.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n..."

"Láti ọjọ́ Ajé lo ti ń sọ pé kí n jẹ́ kí o."

Bàbá tan ẹ̀rọ.

Gèlè ló kọ́kọ́ gbéra. Ó dìde jẹ́jẹ́, ó tẹ́ ara rẹ̀ sójú ọ̀run, ó ń lọ bí ẹyẹ tí kò ní ibì kan lọ. Koríko tẹ̀lé e. Ìyẹ́ tẹ̀lé koríko, ó dàpọ̀ mọ́ òwú àràbà nínú oòrùn, a kò mọ èyí tó jẹ́ òwú, a kò mọ èyí tó jẹ́ ìyẹ́. Gbogbo wa gbójú sókè.

Ìgbà náà ni adìyẹ dìde dúró. Ẹ̀ńjìnì ló kọjú sí, Bàbá ló kọ̀dí sí. Atẹ́gùn sì pín ìyẹ́ ìdí rẹ̀ sí méjì, ọ̀tún àti òsì, bí ẹni ya irun. Gíláàsì nìkan ló wà láàrin òun àti ojú Bàbá.

Bàbá pa ẹ̀rọ. Adìyẹ padà jókòó sórí ẹyin rẹ̀. Bàbá rọra yí gíláàsì ẹ̀gbẹ́ sílẹ̀.

"Ta ló ni gèlè?"

"Èmi ni, Bàbá," ni Mosúnmọ́lá wí.

"Ta ló ni adìyẹ?"

"Èmi náà ni."

"Akínlàjà, ọjọ́ márùn-ún lo fi ń wo ọkọ̀ yìí. O ò rí adìyẹ?"

"Mo rí i, Bàbá. Láti ọjọ́ Ajé."

"Kí lo wá ń ṣe níbẹ̀?"

"Mo ń bu àgbàdo fún un."

Mosúnmọ́lá fi aṣọ oníbàárà bojú. Bàbá wo ọ̀kan, ó wo èkejì.

"Mosúnmọ́lá, ṣé o fẹ́, àbí o ò fẹ́?"

"Mo fẹ́, Bàbá."

"Ìwọ ńkọ́, mẹkáníìkì?"

"Ó pẹ́ tí mo ti fẹ́."

Bàbá tún wo adìyẹ náà. "Ọjọ́ mélòó ló kù kó pa?"

"Mẹ́fà, Bàbá."

Ọjọ́ mẹ́fà gbáko ni Bàbá wa fi ẹsẹ̀ rìn nínú ooru Ẹrẹ́nà, abẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín, Mosúnmọ́lá yìí ni ìyá ìyá yín. Bí ará ìlú bá sì bi Bàbá pé ọkọ̀ dà, pé kí ló dé tí mẹkáníìkì kò kúrò nílé rẹ̀ mọ́, á nu òógùn ojú rẹ̀, á ní, "Kí la tún fẹ́ fi pamọ́? Afẹ́fẹ́ ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìyẹ."