Òbúkọ Tó Gbá Bọ́ọ̀lù Sáwọ̀n ní Òkukù

Ẹjọ́ kan dé ààfin Ìkìrun lánàá, òbúkọ sì ni wọ́n so mọ́ òpó gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́.

Ìlú méjì ló gbé ẹjọ́ náà wá, Òkukù àti Inísà. Inísà ní àwọn kò ní gba ìdájọ́ ààfin Òkukù, Òkukù ní àwọn kò ní gba ti Inísà, ni gbogbo wọn bá wọ mọ́tò wá sí Ìkìrun lásìkò tó yẹ kí wọ́n máa kọ ebè. Kábíyèsí rìnrìn àjò. Olóyè Oyèwálé, Jagun, ló jókòó dípò wọn, Ìyálóde wà lápá ọ̀tún rẹ̀, àwọn olóyè yòókù sì tò sẹ́yìn.

Àwẹ̀ró jókòó sórí ẹní nítòsí òpó. Òun ló ń sin òbúkọ náà. Ẹran náà ti ń ké pè é láti ìgbà tó ti wọlé, òun náà sì ń fi ojú bẹ̀ ẹ́ pé kó dákẹ́. Àwẹ̀ró kò mọ iye èèyàn tó ń gbá bọ́ọ̀lù nínú ẹgbẹ́ kan, kò sì fẹ́ mọ̀. Ohun tó mọ̀ ni pé Jọláyẹmí, àbígbẹ̀yìn rẹ̀ tó ń kọ́ṣẹ́ wẹ́dà, fẹ́ gba fírídọ̀mù lóṣù tó ń bọ̀, pé òbúkọ yìí ni wọn yóò pa, àti pé ọ̀gá ọmọ náà ti sọ ọ́ ní gbangba pé òun kò ní dá ẹnikẹ́ni sílẹ̀ láìsí ẹran.

"Ta ló pe ẹjọ́?" Jagun bèèrè.

Fátóògùn fò dìde. Òun ni alága ẹgbẹ́ alátìlẹ́yìn Òkukù, ohùn rẹ̀ sì ti ha nítorí ariwo.

"Àwa ni, Baba. Lọ́dún yìí, kò sí ìlú tó na Òkukù. A na Ìgbàyè ní mẹ́wàá sí òdo! A na Ìkìrun pàápàá, wọ́n ń sunkún bọ̀ lọ́nà…"

"Ibo lo rò pé o wà yìí?"

"Ẹ má bínú, Baba. Ọ̀mì péré ló kù kí ife-ẹ̀yẹ di tiwa. Òdo sí òdo la wà. Rẹfirí ti ń wo aago. Inísà gbá bọ́ọ̀lù kan báyìí, ó ń lọ síta jẹ́ẹ́jẹ́ rẹ̀. Ni ẹran yìí bá yọ látinú koríko, ó sì darí rẹ̀ sínú àwọ̀n wa. Ẹran Inísà ni, Baba! Èèyàn méjìlá ni wọ́n fi gbá bọ́ọ̀lù!"

"Èèyàn mọ́kànlá àti ẹran kan," Ìyálóde wí.

"Méjìlá náà ni, Màmá."

Ọmọ́dára, alága alátìlẹ́yìn Inísà, dìde. Ó wọ ẹ̀wù agbábọ́ọ̀lù ìlú rẹ̀, ó ti lọ̀ ọ́ gbẹ bí ẹni ń lọ ṣe ìgbéyàwó.

"Irọ́ gbuu ni, Baba. Òkukù ni wọ́n bí òbúkọ yìí sí. Òkukù ló ti ń jẹ, ibẹ̀ ló ti ń mu, ibẹ̀ ló ti ń lé abo kiri. Ọmọ Òkukù paraku ni. Ọmọ Òkukù wá gbá bọ́ọ̀lù sílé ara rẹ̀, èwo ni tiwa níbẹ̀? Góòlù ni! Àwa la ni ife!"

"Kí ni òbúkọ ń wá lórí pápá?" Jagun bèèrè.

"Koríko ni, Baba," ẹnìkan dáhùn láti ẹ̀yìn. Tímótì ni, tíṣà tó ṣe rẹfirí. "Koríko ibẹ̀ ti dé orúnkún. Wọ́n ṣèlérí pé àwọn yóò gé e."

"Fátóògùn, kí ló dé tí ẹ kò gé e?"

"A ṣèpàdé lórí rẹ̀, Baba. Ìpàdé náà lárinrin gan-an."

"Lẹ́yìn ìpàdé ńkọ́?"

"A yan ìgbìmọ̀."

"Ìgbìmọ̀ náà gé e?"

"Wọ́n ń wá ẹni tí yóò ṣe akọ̀wé."

Jagun mí kanlẹ̀. Ó ní kí Tímótì bọ́ síwájú.

"Tíṣà, kí lo rí?"

"Mo rí i kedere, Baba. Òbúkọ náà fò sókè, ó fi orí kan bọ́ọ̀lù wọlé. Orí tó dára."

"Ìdí ni!" ọ̀dọ́kùnrin gíga kan pariwo. Ọ̀ṣunbíyìí ni, gólì Òkukù. "Èmi ni mo wà níbẹ̀, Baba. Ìdí ló fi tì í wọlé. Mo wo ojú ẹran náà báyìí."

"Ìdí ló fi gbá a, ìwọ sì ń wo ojú rẹ̀?"

"Ó bojú wẹ̀yìn, Baba. Ó ṣẹ́jú sí mi kó tó gbá a. Ó ti pinnu rẹ̀ látilé."

"Kí ni ìwọ tí wọ́n ní kó o ṣọ́ ilé wá ń ṣe?"

"Mo rò pé eré ti parí. Mo ń juwọ́ sí àwọn ará wa."

Ìyálóde kọjú sí Tímótì. "Tíṣà, ibo lo dúró sí?"

"Nítòsí, Màmá."

"Nítòsí ibo?"

"Nítòsí àárín pápá. Oòrùn sì wà lójú mi."

"O sì rí i kedere."

"Nígbà tí wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ fún mi tán, Màmá, mo rí i kedere."

Gbogbo ààfin bú sẹ́rìn-ín. Jagun kò rẹ́rìn-ín.

"Ó dáa. Ta ló ń sin ẹran yìí?"

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀. "Èmi ni, Baba."

Fátóògùn wúkọ́. Àwẹ̀ró mọ ìtumọ̀ ikọ́ náà. Láàárọ̀ ni Fátóògùn ti wá bá a nílé: "Màmá, bí ẹ bá ní tiyín ni, ẹ ti ta ìlú nìyẹn. Ẹ sọ pé ti Felicia ará Inísà ni." Nígbà tí Àwẹ̀ró bèèrè ohun tí Jọláyẹmí yóò wá fi gba fírídọ̀mù, Fátóògùn ní kó fi ọkàn balẹ̀, ìlú wà lẹ́yìn ọmọ náà. Ìlú tí kò rí koríko gé ni yóò wá bá a ra òbúkọ.

"Ṣé ìwọ lo ni ín?" Jagun bèèrè.

"Baba, Felicia ló fún mi ní ewúrẹ́ sìn. Bí ewúrẹ́ bá bí ọmọ, ọ̀kan tirẹ̀, ọ̀kan tèmi. Bí a ṣe ń ṣe é lọ́dọ̀ wa nìyẹn. Ewúrẹ́ náà bí méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Mọ́tò sì pa ọ̀kan létí títì."

"Ti ta ni mọ́tò pa?"

"A kò tíì yanjú ìyẹn, Baba. Felicia ní tèmi ló kú. Mo ní tirẹ̀ ló kú. Láti ìgbà náà la ti ń bára wa jà."

"Felicia dà?"

Felicia bọ́ síwájú, obìnrin ìrẹsì ni ní ọjà Inísà, ó sanra, ó sì dúró ṣinṣin. Kò sí ìgbà tó wọ mọ́tò dé Òkukù tí kì í yà nílé Àwẹ̀ró láti tẹ ẹ̀yìn òbúkọ náà wò bóyá ó ti sanra tó. Ọmọ́dára rọra tẹ Felicia lẹ́sẹ̀.

"Felicia," Jagun wí, "nínú èyí tó kú àti èyí tó wà láàyè, èwo ni tìrẹ?"

"Èyí tó kú ni, Baba."

Ẹnu ya Àwẹ̀ró débi pé ó gbàgbé pé òun wà lórí ìkúnlẹ̀. "Felicia! Ìwọ tó o nàka sí mi lójú lọ́sẹ̀ tó kọjá, tó o ní kí n má fọwọ́ kan ẹran rẹ?"

"Ẹ má bínú, Ìyá. Ẹ̀mí ti bá mi sọ̀rọ̀. Mo ti gba òkú tèmi, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa."

"Ìgbà wo ni Ẹ̀mí bá ọ sọ ọ́?" Ìyálóde bèèrè.

"Lẹ́yìn góòlù, Màmá."

"Irọ́ ló ń pa!" Fátóògùn ké. "Màmá Àwẹ̀ró ló ni òkú! Òkú náà dúdú, ó ní funfun lórí, Màmá ló ni ín! Ẹ sọ fún wọn, Màmá!"

"Felicia ló ni òkú!" Ọmọ́dára dáhùn. "Ẹ kò ní gba òkú wa lọ́wọ́ wa!"

"Òkú wa ni!"

"Òkú tiwa!"

Jagun gbá ọwọ́ mọ́ àga. "Mo ti gbọ́ ẹjọ́ ilẹ̀, mo ti gbọ́ ẹjọ́ ìyàwó. N kò rí ibi tí ìlú méjì ti ń du ewúrẹ́ tí mọ́tò pa rí."

Olóyè kan tó jókòó sẹ́yìn, tí kò tíì sọ̀rọ̀ láti àárọ̀, gbójú sókè. Òbúkọ ló ti ń wò.

"Jagun, ọ̀rọ̀ ti yanjú. Ẹran tí kò ní olówó, ààfin ló ni ín. Ẹ sì wo itan rẹ̀."

Àwọn olóyè yòókù wo itan náà. Wọ́n ní òtítọ́ lolóyè sọ.

"Òkukù, ẹ gbà?"

"A gbà!"

"Inísà?"

"A gbà, Baba! Ẹ pa á, kí a lè ráyè gbájú mọ́ ọ̀rọ̀ góòlù!"

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ohùn ìlú méjèèjì ṣọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Ìránṣẹ́ ààfin kan dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn. Òbúkọ náà kò mọ nǹkan kan. Àwẹ̀ró ló ń wò, ó ń ju ìrù, ó rò pé ilé ni àwọn ń lọ.

Àwẹ̀ró dìde.

"Gbé ọwọ́ rẹ kúrò lára rẹ̀! Tèmi ni."

"Màmá!" Fátóògùn kígbe.

"Tèmi ni! Èmi ni mo fi èèpo iṣu bọ́ ọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀, èmi ni mo dì í. Ọmọ mi fẹ́ gba fírídọ̀mù. N kò mọ góòlù, n kò mọ ọ̀mì, n kò sì bá yín mu nínú ife kankan. Èyí tó wà láàyè ni tèmi, Baba. Ẹni tó bá fẹ́ òkú kó lọ gbé òkú."

Inísà bú sígbe. "Góòlù! Góòlù! Ẹran Òkukù ni!" Ọmọ́dára dì mọ́ Felicia. Felicia kò dì mọ́ ọn padà. Itan òbúkọ náà lòun náà ń wò.

Fátóògùn ká ọwọ́ lérí. "Baba, ẹ má dá obìnrin yìí lóhùn! Kì í ṣe ọmọ Òkukù! Ìgbàyè ni wọ́n bí i sí. Ọkọ ló fẹ́ dé ọ̀dọ̀ wa, ọkọ náà sì ti kú. Kò jẹ́ nǹkan kan sí wa!"

"Ará Ìgbàyè ni!" àwọn ará Òkukù gbè é lẹ́sẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà dun Àwẹ̀ró. Òkukù ló ti bímọ, ibẹ̀ ló sin ọkọ rẹ̀ sí, kò sì sí òkú tí wọ́n sin ládùúgbò tí kò bá wọn pọn omi. Ìyá Fátóògùn wà lára wọn. Àwẹ̀ró jókòó padà, ó di okùn òbúkọ rẹ̀ mú.

Jagun na etí. "Ẹ tún un sọ, Òkukù. Etí mi kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́."

"Ará Ìgbàyè ni!"

"Gbogbo yín lẹ fẹnu kò?"

"Gbogbo wa, Baba!"

"Inísà, ṣé ẹran yìí kì í ṣe tiyín?"

"Kì í ṣe tiwa! Felicia ti sọ ọ́!"

"Tíṣà, kí òbúkọ tó dá sí i, ibo ni bọ́ọ̀lù ń lọ?"

"Síta, Baba. Ìyẹn, ojú ara mi ni mo fi rí i."

"Ẹ jókòó, ẹ gbọ́ ìdájọ́." Jagun gbé ìrùkẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sórí itan. "Àwẹ̀ró ló ni òbúkọ, nítorí òun nìkan nínú yín ló mọ ohun tó wá ṣe níbí. Felicia, òkú lo bèèrè, mo ti fi jíǹkí rẹ. Lọ wá dẹ́rẹ́bà tó pa á. Ó wá ku góòlù. Inísà kò gbá a, síta ni tiwọn ń lọ. Òkukù kò gbá a, gólì wọn ń juwọ́. Òbúkọ Àwẹ̀ró ló gbá a. Òkukù sì ti jẹ́rìí lẹ́ẹ̀mejì níwájú mi pé ará Ìgbàyè ni Àwẹ̀ró. Nítorí náà, Ìgbàyè gbá ẹyọ kan, Inísà gbá òdo, Òkukù gbá òdo. Ìgbàyè ló gba ife-ẹ̀yẹ ọdún yìí. Ọ̀dọ̀ Àwẹ̀ró ni wọn yóò gbé e sí."

Ọmọ́dára jáwọ́ lára Felicia.

"Baba," Fátóògùn wí. "Ìgbàyè tí a na ní mẹ́wàá sí òdo?"

"Wọ́n ti ṣàtúnṣe."

"Wọn kò sí lórí pápá!"

"Aṣojú wọn wà níbẹ̀. N kò tíì parí. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ méjèèjì, ẹ mọ koríko tọ́jú ju bọ́ọ̀lù lọ. Láti ọ̀la títí di ọjọ́ fírídọ̀mù ọmọ Àwẹ̀ró, ẹ ó máa gé ti pápá náà láràárọ̀, ẹ ó sì máa rù ú lọ sílé òbúkọ. Ẹ kò gbọdọ̀ ṣèpàdé lórí rẹ̀."

Láàárọ̀ òní, Fátóògùn gbé ìdì koríko kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Àwẹ̀ró. Ọmọ́dára ń bọ̀ lẹ́yìn pẹ̀lú ìdì tirẹ̀, gbogbo ẹ̀wù agbábọ́ọ̀lù náà ti rin fún ìrì. Àwọn ará Ìgbàyè ti dé ṣáájú wọn, wọ́n ń jó. Òbúkọ ńlá kan ni wọ́n fà wá fún fírídọ̀mù Jọláyẹmí, nítorí wọ́n ní àwọn kò lè dúró kí wọ́n máa pa ẹni tó gba ife fún àwọn.

Fátóògùn dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. "Màmá, ìyàwó wa ni yín. Òkukù ni yín, gbogbo ayé ló mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa padà lọ bá Jagun, kí ẹ sọ fún wọn."

"Gbé koríko náà síwájú díẹ̀," Àwẹ̀ró wí.

Fátóògùn gbé e síwájú, ó sì gbójú sókè. Òbúkọ náà ti ki ẹnu bọ ife-ẹ̀yẹ, ó ń mumi.

"Màmá! Ife-ẹ̀yẹ lẹ fi fún ẹran mumi?"

"Ṣé ìwọ lo gbà á ni?"