Òkúta Inú Mọ́tò

Aago kan ọ̀sán ku díẹ̀ nígbà tí Mo-ti-mọ̀ wa mọ́tò ìyàwó rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù Ìyá Onígíláàsì, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó gbé ẹyin sórí. Àwọn ará ọ́fíìsì rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, nítorí kò sí ohun tí èèyàn máa sọ fún un tí kò ní fèsì pé òun ti mọ̀. Ìyá Onígíláàsì fi àkísà nu ọwọ́, ó ń wo gíláàsì iwájú mọ́tò náà. Ọdún méjìlélógún tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ti kọ́ ọ pé kéèyàn kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu gíláàsì kó tó gbọ́ tẹnu ẹni tó ni ín.

"Ẹ káàsán, Ìyá. Ohun kékeré ni. Òkúta ló ta bà á. Ẹ kàn bá mi fi gọ́ọ̀mù yín dí i, ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo ti mọ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe é."

"Ẹ káàsán, Ọ̀gá. Bí ẹ bá ti mọ̀ ọ́n ṣe, ẹ máa ṣe é. Ẹ jẹ́ n fa àga kí n wá kọ́ṣẹ́."

Kò fa àga kankan. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ojú tẹ̀lé ìlà náà láti ọ̀gangan ojú awakọ̀ títí tó fi dé etí gíláàsì nísàlẹ̀.

"Gíláàsì yìí ti là, Ọ̀gá."

Mo-ti-mọ̀ mí kanlẹ̀. "Ó là. A dúpẹ́. Ọkàn mi ti sọ fún mi pé ó máa là á já."

"Kì í ṣe là ti ìgbàlà. Là ti igi ìdáná ni."

Ó wá fara balẹ̀ ṣàlàyé fún un. Gíláàsì iwájú kì í ṣe ẹyọ kan, méjì ni wọ́n lẹ̀ pọ̀, ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ wà láàrin wọn bí bọ́tà tó wà láàrin búrẹ́dì méjì. Bí ọgbẹ́ rẹ̀ kò bá ju bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì lọ, tó bá jẹ́ gíláàsì ìta nìkan ló kàn, tí kò sí lọ́gangan ojú awakọ̀, tí kò sì tíì dé etí, àtúnṣe ni, ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ pààrọ̀ rẹ̀ fẹ́ rẹ́ yín jẹ ni. Èyí tó wà níwájú wọn yìí jókòó ìdánwò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì gba òdo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ó sún imú mọ́ ọn. "Kí ló ń ta sánsán báyìí?"

"Ọṣẹ ìfọyín ni. Mo wo fídíò kan tó ní ká fi pa á."

"Mo rí i. Eyín rẹ̀ mọ́ tónítóní. Àmọ́ ó ṣì ń yanu."

Mo-ti-mọ̀ ní bóyá kò tíì gbẹ ni. Ìyá Onígíláàsì fi èékánná fa ojú gíláàsì náà láti ìta, èékánná ń yọ̀ lọ geere. Ó ṣílẹ̀kùn, ó jókòó sáyè awakọ̀, ó fà á láti inú. Èékánná há.

"Ọ̀gá, níbo lẹ ní òkúta yẹn ti wá?"

"Ọkọ̀ akẹ́rù kan tó wà níwájú mi ló ta á."

"Ìta gíláàsì yìí ń dán bí orí ìkókó. Inú ló ti fọ́. Ṣé inú mọ́tò níbí ni ọkọ̀ akẹ́rù náà gbà kọjá?"

Mo-ti-mọ̀ ronú díẹ̀. Ó ní ó ṣeé ṣe kí òkúta náà gba fèrèsé ẹ̀gbẹ́ wọlé, kó wá ṣẹ́rí padà.

"Ó ṣẹ́rí padà. Ilé ń yá a lára."

Ó na ọwọ́ sẹ́yìn, sáàárín àga méjèèjì, ó sì fa irin kọ́tìnì gbọọrọ kan yọ, èyí tó ní orí róbótó bí ọsàn kékeré. Ó gbé orí irin náà síbi tí gíláàsì ti fọ́. Ó bá a mu rẹ́gí.

"Ṣé òkúta náà rèé, Ọ̀gá, àbí àbúrò rẹ̀ ni?"

Ìgbà náà ni Mo-ti-mọ̀ wá jókòó sórí táyà àlòkù kan, tó sì rò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ó ti tó oṣù mẹ́jọ tí ìyàwó rẹ̀ ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kó ra irin kọ́tìnì sí pálọ̀. Ìyàwó lọ síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ mẹ́ta, ó fi mọ́tò sílẹ̀, ọkọ sì rò pé kóun fi irin náà yà á lẹ́nu. Irin gùn ju búùtù lọ. Ẹni tó tà á fún un ní kó dè é sórí mọ́tò. Ó ní òun ti mọ̀. Ó tì í láti búùtù títí dé dáṣíbọ́ọ̀dù, ó sì gbá búùtù dé, ni orí irin bá gbá gíláàsì iwájú.

"Ìyàwó ńkọ́? Ṣé wọ́n ti gbọ́?"

"Mo jẹ́wọ́ fún un lórí fóònù láàárọ̀ àná."

"Kí ni wọ́n wí?"

"Ó dúpẹ́."

Ìyá Onígíláàsì wò ó.

"Ó ṣàdúrà fún mi pẹ̀lú," ni Mo-ti-mọ̀ fi kún un, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀. "Mo fẹ́ sọ pé mo fọ́ gíláàsì mọ́tò rẹ. Ẹ̀rù bà mí, ohùn mi bọ́ sílẹ̀. Ohun tó gbọ́ ni pé mo fọ gíláàsì mọ́tò rẹ. Ó ní látọjọ́ tóun ti ra mọ́tò yẹn, ẹnikẹ́ni kò bá òun fọ̀ ọ́ rí."

"Ẹ ò wá tún un sọ?"

"Àdúrà náà ń dùn, Ìyá. Mi ò fẹ́ já lù ú."

Aago mẹ́rin ni bọ́ọ̀sì ìyàwó máa wọ ibùdókọ̀, mọ́tò yìí gan-an ló sì yẹ kó lọ gbé e. Ìyá Onígíláàsì ní gíláàsì tuntun wà, wákàtí kan lòun máa fi gbé e sí i, ṣùgbọ́n gọ́ọ̀mù tó mú un máa gba wákàtí márùn-ún kó tó dì. Bí wọ́n bá wà á jáde kó tó gbẹ, kòtò àkọ́kọ́ tí wọ́n bá bọ́ sí, gíláàsì á sọ̀ kalẹ̀ ṣáájú wọn.

Kí ọwọ́ Mo-ti-mọ̀ má baà ṣófo, ó ní kí Ìyá kúkú bá òun pààrọ̀ gíláàsì ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kan, torí ó ti já sínú ilẹ̀kùn, ìyẹn ti kú pátápátá. Ìyá Onígíláàsì tú inú ilẹ̀kùn, ó fi ọwọ́ fa gíláàsì náà sókè, ó dá a padà sójú irin rẹ̀, ó sì dè é pa.

"Èyí tẹ́ ẹ ní ó kú, ó kàn sùn ni. Èyí tẹ́ ẹ ní ohun kékeré ni ló kú."

"Ẹ ṣáà bá mi dí tiwájú fún tòní. Kó ṣáà gbé wa délé."

Obìnrin náà gbé irin iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀fẹ̀ ti lọ lójú rẹ̀. Ó ní gíláàsì iwájú wà lára ohun tó gbé orí mọ́tò dúró, àti pé bí mọ́tò bá kọlu nǹkan, òun ni àpò afẹ́fẹ́ tó ń bẹ́ jáde ní dáṣíbọ́ọ̀dù máa fẹ̀yìn tì.

"Mo lè fi gọ́ọ̀mù bá yín parọ́, Ọ̀gá. Àmọ́ mi ò lè gbé ìyàwó yín jókòó sẹ́yìn irọ́ náà."

Mo-ti-mọ̀ fa fóònù yọ. Ó fẹ́ lọ pè é lẹ́yìn ògiri, Ìyá Onígíláàsì ní kó dúró síbí, kí ohùn rẹ̀ má tún lọ bọ́ sílẹ̀.

"Ìyàwó mi, mi ò fọ̀ ọ́. Mo fọ́ ọ ni. Fọ́, bí ìkòkò ṣe ń fọ́. Irin kọ́tìnì ni mo fi fọ́ ọ."

Ó ń retí ariwo, ariwo kò wá. Ìyàwó béèrè bóyá wọ́n ti yọ gíláàsì náà. Ó ní rárá. Ìyàwó ní ó dáa, òun á wọ takisí wálé. Ó wá fi kún un pé ìwé ìgbọ́kọ̀sí ọ́fíìsì òun lẹ̀ mọ́ igun gíláàsì lápá òsì, kí wọ́n má wulẹ̀ ṣí i, kí wọ́n sọ ọ́ nù pẹ̀lú gíláàsì bẹ́ẹ̀, kò sóhun tẹ́nikẹ́ni ń wò níbẹ̀. Fóònù já.

Àwọn méjèèjì wo ìwé náà. Ìyá Onígíláàsì fi abẹ ṣí i díẹ̀díẹ̀. Ojú ibi tí òkúta kan ti ta bà á wà lẹ́yìn rẹ̀, láti ìta, kò tó bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì, wọ́n ti fi ọ̀dà èékánná pupa kùn ún, ọ̀dà náà ti gbẹ, ó ti ń ṣí. Ó ní èyí ti tó ọdún kan, ó sì bani nínú jẹ́, torí ìdajì wákàtí lòun ì bá fi tún un ṣe.

Mo-ti-mọ̀ dìde lórí táyà. Àyà rẹ̀ ti yọ síta bí ti adájọ́, ọwọ́ rẹ̀ ti tún wà lórí fóònù.

"Ẹ jẹ́ n pè é padà, Ìyá. Ó ní àlàyé tó máa ṣe."

"Ẹ pè wọ́n," ni Ìyá Onígíláàsì wí, ó ti ń na okùn irin tó fi ń gé gọ́ọ̀mù gíláàsì. "Ẹ ṣáà mọ̀ pé gíláàsì nìkan ni mo ń tà. Bí nǹkan mìíràn bá fọ́ nílé yín lónìí, mi ò ní irú rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù."