Bí Àmúró Eyín Mọrẹ́nikẹ́ Ṣe Há sí Bàbá Ògúnwùyí Lẹ́nu

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó tì mí yìí, ta ló lè sọ fún mi ibi tí àwọn àgbà ti rí òwe tí wọ́n ń pa pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko? Àwọn kan á ní láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni. Ẹ má dá wọn lóhùn. Ìpetumodù ni òwe náà ti ṣẹ̀, nínú pálọ̀ Bàbá Ògúnwùyí, lọ́jọ́ tí àwọn àna wá tọrọ ọmọ rẹ̀ obìnrin.

Iṣẹ́ títún ara ọkọ̀ tó wó ṣe ni Bàbá Ògúnwùyí fi jẹun títí ó fi darúgbó. Ọkọ̀ tí igi bá wó lù, èyí tó bá forí sọ ògiri, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń wọ́ ọ lọ. Òòlù ni oògùn rẹ̀. Bó bá ti nà án níhìn-ín, tó nà án lọ́hùn-ún, ohun tó rún jégéjégé á tún jọ ọkọ̀. Èèyàn dáadáa ni, ṣùgbọ́n Ọlọ́run kò fi sùúrù kún ẹrù rẹ̀. Iṣu kì í jinná nílé rẹ̀. Bó bá ti ń hó ló ti ń jẹ ẹ́.

Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Mọrẹ́nikẹ́, ọmọ ọmọ rẹ̀, ń gbé, nítorí Èkó ni àwọn òbí ọmọ náà ti ń ṣiṣẹ́. Àjíkẹ́ ni Bàbá máa ń pè é. Eyín òkè ọmọ yìí ta síta, wọ́n sì gun ara wọn bí àgùntàn tó ń du ẹnu ọ̀nà. Bí ẹ̀rín bá fẹ́ pa á, ọwọ́ rẹ̀ á ti sáré bo ẹnu. Ó máa ń mọ ìdáhùn ní kíláàsì, kò sì ní dáhùn. Ọ̀rọ̀ náà dun Bàbá wọnú eegun, ló bá mú un lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kan ní Ifẹ̀, lọ́dọ̀ Dókítà Adéṣeun, obìnrin kan tó jẹ́ pé eyín ọmọdé ni iṣẹ́ rẹ̀. Dókítà wo ẹnu ọmọ náà, ó ní òun á lẹ wáyà mọ́ eyín rẹ̀, á sì wà níbẹ̀ fún bí ọdún méjì.

"Ọdún méjì kẹ̀?" ni Bàbá wí. "Dókítà, odindi bọ́ọ̀sì ni mo máa ń tọ́ kí oòrùn tó wọ̀."

"Bọ́ọ̀sì kò ní gbòǹgbò, sà," ni dókítà dáhùn. "Inú eegun ni eyín dúró sí. Tí a bá rọra ń tì í, eegun á yẹ̀ fún un, á sì tún dì lẹ́yìn rẹ̀. Tí a bá fipá tì í, gbòǹgbò rẹ̀ la máa bà jẹ́."

"Ẹ ò tilẹ̀ lè fún un le díẹ̀ sí i?"

"Mi ò lè ṣe é, sà."

Bàbá ní ó dáa, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò gbà.

Mọrẹ́nikẹ́ ní tirẹ̀ gbà. Ẹ̀yin èèyàn, mo fẹ́ kí ẹ mọ irú ọmọ tó jẹ́. Nígbàkigbà tí wọ́n bá ti fún wáyà náà, tí gbogbo àgbọ̀n rẹ̀ ń ro ó, ẹ̀kọ mímu àti mọ́ínmọ́ín ló máa ń jẹ, á sì lọ sílé ìwé. Ó dágbére fún eegun ẹran, ó dágbére fún gúgúrú àti kókóró. Nígbà tí àgbàdo dé, tí gbogbo ọmọ àdúgbò ń fi eyín ya á lára ṣùkù, ọ̀bẹ lòun fi ń bó tirẹ̀ sínú àwo, tí á máa ṣà á jẹ wóró wóró. Bó bá jẹun tán, á mú búrọ́ọ̀ṣì kékeré, á máa fọ àárín wáyà náà lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì. Wáyà gún un lẹ́rẹ̀kẹ́ nígbà kan. Kò sunkún. Ìda tí dókítà fún un ló fi bo ẹnu wáyà náà. Bàbá á jókòó sórí àga rẹ̀, á máa wò ó, á sì máa sọ lọ́kàn pé, "Ohun tó wà lára ọmọ yìí, wọn ò fún mi nínú rẹ̀."

Ọjọ́ tí wọ́n tú wáyà náà, eyín ọmọ tò rẹ́gí bí àgbàdo tí òjò dára fún. Mọrẹ́nikẹ́ wo dígí, ó rẹ́rìn-ín, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì wà lórí itan. Bàbá yíjú sí ògiri, ó ní nǹkan kó sí òun lójú.

Dókítà wá fún un ní ike pẹlẹbẹ kan tó bá àjà ẹnu rẹ̀ mu. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ gba iwájú rẹ̀ kọjá, ìkọ́ kékeré méjì sì wà tó ń di eyín ẹ̀yìn mú. Àmúró ni Bàbá sọ ọ́. Dókítà ní eyín tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tò máa ń ṣàárò ilé. Bí ọmọ kò bá lo ike náà, wọ́n á padà síbi tí wọ́n ti wá. Ó ní omi tútù ni kí ó máa fi fọ̀ ọ́, omi gbígbóná kò gbọdọ̀ kàn án. Bó bá yọ ọ́, inú àpò ike rẹ̀ ni kó fi í sí. Bó bá sì fẹ́ yọ ọ́, kó má fa wáyà iwájú. Ìkọ́ ẹ̀yìn ni kó fi ìka mú lápá méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, kó rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Bàbá wà níbẹ̀. Ẹ̀rín ọmọ rẹ̀ ló ń wò, ọ̀rọ̀ omi gbígbóná kò wọ̀ ọ́ létí.

Ó wá di ọjọ́ tí àwọn àna ń bọ̀ wá tọrọ Ọláìtán, àbígbẹ̀yìn Bàbá. Láàárọ̀, Mọrẹ́nikẹ́ yọ àmúró rẹ̀ kó lè jẹun, ó fi í sínú àpò rẹ̀ lórí tábìlì, ó sì lọ ń to àga. Bàbá rí i. Ìfẹ́ ọmọ náà ru sókè nínú rẹ̀. Ó ní kí òun náà ràn án lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí kòkòrò má wà lára ohun tó ń wọ Àjíkẹ́ òun lẹ́nu. Ó gbé kẹ́tùlù kúrò lórí iná, ó da omi híhó lé e lórí.

Nígbà tó máa wò ó, ike ti ká kò bí èèpo ọsàn tí oòrùn pa.

Gbogbo ìyà tí ọmọ yẹn jẹ ló ń kọjá lójú rẹ̀. Ó mú ẹ̀mú nínú àpótí irinṣẹ́, ó fa apá ọ̀tún, apá òsì ká. Ó tọ́ apá òsì, àárín yọ gègé. Ó wá rò ó pé ohun tó ń gbé inú ẹnu, inú ẹnu ló yẹ kéèyàn ti wọ̀n ọ́n. Ó ya ẹnu, ó fi àtàǹpàkò méjèèjì ti ike náà wọlé.

Ó dún kẹ́.

Ìkọ́ kan ti kó sí ọ̀kan nínú eyín ẹ̀yìn Bàbá, èyí tó ti wọ́ láti ìgbà èwe. Èkejì kó sí àlàfo ibi tí eyín kan ti yọ. Wáyà iwájú sì gbé ètè òkè, ó há a mọ́ òkè, gbogbo eyín Bàbá bá wà níta bí ti ẹni tó ń rẹ́rìn-ín. Ó fà á, ó le sí i. Ó yọ́ bá Kàmórù, aládùúgbò rẹ̀ tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Kàmórù fi ẹsẹ̀ kan ti ògiri, ó di wáyà mú, ó fà á títí òógùn fi bò ó. Wọ́n ta epo sí i. Ọwọ́ Kàmórù yọ̀, ó fìdí jókòó, ike náà kò mira.

Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí ọkọ̀ àwọn àna fi dé.

Bàbá wọ pálọ̀, ó jókòó, ó ń rẹ́rìn-ín. Inú àwọn àlejò dùn. Ọ̀kan nínú wọn, Alàgbà Fákúnlé, ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ ìyàwó, dìde, ó kí ilé, ó ní àwọn rí òdòdó kan tó wu àwọn já. Bàbá ń rẹ́rìn-ín. Alàgbà wá rẹ ohùn sílẹ̀.

"Bàbá ọmọkùnrin yìí ni ì bá dúró síbi tí mo wà yìí," ló wí. "Ikú kò jẹ́ kó rí òní."

Bàbá ń rẹ́rìn-ín síbẹ̀. Ojú ara rẹ̀ tì í, ó ní kí òun sọ pé "Ẹ pẹ̀lẹ́." Ṣùgbọ́n ètè kò pàdé ètè, ahọ́n kò sì ráyè. Ohun tó jáde ni, "Ẹ hẹ̀-hẹ́."

Àwọn àlejò wo ara wọn.

"Bàbá," ni Alàgbà Fákúnlé wí, "ṣé òkú wa lẹ fi ń ṣe yẹ̀yẹ́?"

Bàbá mi orí, ó tún fi agbára fa wáyà náà. Ẹnu rẹ̀ tún là sí i. Ọkọ ìyàwó tó dọ̀bálẹ̀ dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀. Alàgbà ti ń wá fìlà. Wọ́n ń gbọ́ ẹkún Ọláìtán láti yàrá.

Mọrẹ́nikẹ́ ló gbé omi wọlé lásìkò yẹn. Ó rí ohun tó ń dán lẹ́nu bàbá rẹ̀ àgbà. Ó gbé omi kalẹ̀, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má lọ," ló wí. "Bàbá mi ò rẹ́rìn-ín. Àmúró eyín mi ló há sí wọn lẹ́nu."

Ó lọ fọ ọwọ́ rẹ̀ mọ́, ó padà wá dúró níwájú Bàbá.

"Ẹ má fà á mọ́, sà. Ẹ sọ ọwọ́ yín kalẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹnu yín rọ̀."

Bàbá sọ ọwọ́ kalẹ̀. Alàgbà Fákúnlé fúnra rẹ̀ sún mọ́ wọn, ó tan iná fóònù rẹ̀ sí i. Ọmọ náà fi orí ìka wá ìkọ́ ọ̀tún, ó wá ti òsì. Ó sọ ọ̀tún kalẹ̀ díẹ̀, ó sọ òsì kalẹ̀ díẹ̀. Bí Bàbá bá ti le ara, á dúró, á ní, "Ẹ mí, sà," á sì tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, ike náà bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bí èso tó pọ́n.

Bàbá pa ẹnu dé. Ó fọwọ́ pa á lára. Ó wá kọjú sí àwọn àlejò.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o," ló wí. "Ikú bàbá ọmọ dùn wá. A gbà. Ẹ wá fẹ́ ọmọ wa."

Ẹ̀rín tó sọ nínú ilé náà, wọ́n gbọ́ ọ dé ìta. Ṣùgbọ́n Bàbá kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó ti ń wo ike wíwọ́ tó wà lọ́wọ́ Mọrẹ́nikẹ́.

"Àjíkẹ́, èmi ni mo da omi gbígbóná sí i. Mo ti bà á jẹ́."

Ọmọ náà wo ike, omi lé ròrò sójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wo ètè Bàbá tó ti wú.

"Ṣé ó ṣì ń dùn yín, sà?" ló bi í.

Ìbéèrè yẹn wọ Bàbá lára ju ìkọ́ méjèèjì lọ. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ tán tí wọ́n fi wà ní Ifẹ̀. Dókítà Adéṣeun gbọ́ ìtàn náà, ó rẹ́rìn-ín títí, ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nu ojú, kó tó lè wo ẹnu ọmọ. Ó ní bí wọ́n ṣe tètè wá ló ran eyín náà lọ́wọ́, wọn ò tíì kúrò láyè wọn. Ó ṣe àmúró tuntun fún un.

Nígbà tí wọ́n wá ṣe ìgbéyàwó Ọláìtán, wọ́n pe Alàgbà Fákúnlé kó gba tọkọtaya nímọ̀ràn. Ó dìde, ó nawọ́ sí Mọrẹ́nikẹ́ tó ń rẹ́rìn-ín láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ, ẹ wo olùkọ́ yín. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

Kàmórù wà lẹ́yìn, ó ń fọwọ́ ra ìdí rẹ̀ tó fi jókòó lọ́jọ́sí.

"Òótọ́ ni, sà," ló wí. "Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko."