Òróró Daddy Amos nínú Òkun Thamesmead

Daddy Amos da òróró sínú òkun.

Kì í ṣe òkun tí ẹ ń rò o. Òkun tiwa ni: táǹkì gíláàsì kan tí ó gùn ju bẹ́ẹ̀dì lọ, tí àwa olùyọ̀ǹda ara-ẹni fi gbogbo ìgbà òtútù kọ́ sí ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn àdúgbò kan ní Thamesmead nílùú òyìnbó, kí gbogbo ènìyàn lè máa wá wò ó. Omi iyọ̀ ni ó kún inú rẹ̀. Iyùn tí ó wà láàyè lẹ̀ mọ́ àwọn òkúta ìsàlẹ̀, ó ń mì lẹ́gẹ́lẹ́gẹ́ bí ìka ọmọ ìkókó. Àwọn ẹja aláwọ̀ ọsàn onílà funfun sì ń yan kiri láàárín wọn bí onílé tí ó wá gba owó ilé.

Felicia ni olórí wa. Tíṣà sáyẹ́ǹsì ni ní Woolwich, ọ̀rọ̀ táǹkì náà sì ti wọ̀ ọ́ lára. Bí omi bá tutù díẹ̀, Felicia ni ó ń sín.

Ó sì ní ìdí. Natasha, alábòójútó gbọ̀ngàn náà, ti sọ fún un láìfi epo bọyọ̀: bí ẹja kankan bá kú kí ọjọ́ ìṣíde tó parí, wọn yóò gbé táǹkì kúrò, ẹ̀rọ kọfí ni yóò sì dúró sí àyè rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ ìṣíde, Felicia ní kí bàbá ọkọ òun wá gbàdúrà kúkúrú sí i. Daddy Amos nìyẹn.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà "kúkúrú".

Díákónì ni Daddy Amos, ìgò òróró kì í sì í kúrò ní àpò kóòtù wọn. Fìríìjì Felicia ti gba òróró. Ẹ̀rọ ìfọṣọ rẹ̀ ti gba òróró. Káàdì bọ́ọ̀sì mi pàápàá gba òróró, láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rọ inú bọ́ọ̀sì kò ti dá mi mọ̀ mọ́.

"Daddy, ẹ jọ̀ọ́ sà," Felicia bẹ̀ wọ́n, "àdúrà nìkan o. Ẹ má fọwọ́ kan omi."

"Ìyàwó wa, ta ló fẹ́ fọwọ́ kan omi?"

Ní òtítọ́, wọn kò fọwọ́ kàn án.

Felicia ti fún àwọn ẹja ní oúnjẹ àárọ̀ wọn, edé tútù tí a lọ̀ mọ́ ẹja, ó sì ti jáde lọ kó àga. Mummy Juliana, ìyá kan nínú ìjọ wa, ń gbé ọbẹ̀ àlejò kaná ní kíṣìnnì. Èmi ń nu ara gíláàsì lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ "ṣẹ́kẹ́!" Ìdérí táǹkì ṣí.

Kí n tó gbójú sókè:

Gbùlù-gbùlù-gbùlù-gbùlù!

Odidi ìgò òróró ólífì!

Ẹ̀rọ tí ń fi ìfófòó fọ omi, tí ó ti ń kọrin "ṣùùùùù" láti ọjọ́ tí a ti tàn án, sọ pé "pù!" Ó dákẹ́. Òróró tẹ́ pẹrẹsẹ sí ojú omi, ó ń dán yinrin bí ojú ọbẹ̀ ọjọ́ Kérésìmesì.

Kò pẹ́ tí àwọn ẹja fi bẹ̀rẹ̀ sí gòkè. Gbogbo wọn pátá! Wọ́n to ẹnu sí ojú omi, wọ́n ń là á, wọ́n ń pa á dé: pà-pà-pà-pà.

Daddy Amos gbé ọwọ́ méjèèjì sókè.

"Halelúyà! Ẹ wò wọ́n! Wọ́n ń yin Olúwa!"

"Daddy, ẹ jọ̀ọ́ sà, wọn ò rí atẹ́gùn mí ni."

"Ẹni tí ò rí atẹ́gùn mí ló ń kọrin báyìí?"

Ni wọ́n bá dá orin sílẹ̀, wọ́n sì ń pàtẹ́wọ́ sí i, pà-pà-pà-pà, gẹ́gẹ́ bí ẹnu ẹja ṣe ń lọ. Ẹ̀rín ń pa mí! Ẹ̀rù náà ń bà mí. N kò mọ èyí tí ǹ bá kọ́kọ́ dá lóhùn nínú méjèèjì.

Felicia wọlé pẹ̀lú àga lọ́wọ́.

Gbàgà! Àga bọ́.

Ó wo omi. Ó wo ìgò. Ó wo bàbá ọkọ rẹ̀. Mo fi ojú ara mi rí ọ̀rọ̀ tí ó ń gun ọ̀fun rẹ̀ bọ̀. Ó dé ẹnu, ó rántí pé bàbá ọkọ ni ó dúró níwájú, ó sì yí padà sí ikùn. Felicia kúnlẹ̀.

"Daddy, ẹ ṣeun gan-an sà."

Adrian, àbíkẹ́yìn Daddy Amos tí wọ́n bí sí Woolwich, ni ó tẹ̀lé e wọlé. Òun kò mọ irú ìkúnlẹ̀ bẹ́ẹ̀.

"Dad! Kí lo ṣe? O ti sọ gbogbo ẹ̀ di salad, man!"

"Adrian!" Felicia jágbe mọ́ ọn láti orí ìkúnlẹ̀. "Kí *lẹ* ṣe, sà!"

Ẹja ń kú lọ, ó ń kọ́ àbúrò ọkọ ní ìwà!

Lẹ́yìn náà ni ó fò dìde. "Bébà ìnuwọ́! Gbogbo èyí tó wà nílé yìí! Ẹ tẹ́ ẹ sójú omi, ẹ má rì í!" A sáré. A tẹ́ bébà, ó fa òróró, a ká a, a tún tẹ́ òmíràn. Bébà kíṣìnnì tán. Ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ náà tán. Ojú omi ṣì ń dán, àwọn ẹja ṣì ń "yin Olúwa".

Mummy Juliana yọjú láti kíṣìnnì, épírọ́ọ̀nù láyà, ṣíbí ìbọbẹ̀ lọ́wọ́.

"Kí lẹ ń pariwo fún? Ṣé epo ló pọ̀ lójú ẹ̀ ni? Ẹ yẹra jàre."

Bí wọ́n ṣe ń bu epo kúrò lójú ọbẹ̀ ata ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí bu òróró kúrò lójú òkun. Wẹ́rẹ́, wẹ́rẹ́, wọn kò da omi rú. Felicia gba ṣíbí kejì, ó bọ́ sí òdìkejì. Adrian gbé abọ́ dúró.

"Níbo lo fẹ́ da ìyẹn sí?" Daddy Amos bi í.

"Síńkì, Dad."

"Síńkì kẹ̀! Òróró tí mo gbààwẹ̀ lé lórí? Dà á padà sínú ìgò mi!"

Felicia ṣẹ́jú sí Adrian pé kó dà á. Bí ó ṣe ń dà á padà sínú ìgò nìyẹn, òróró, omi iyọ̀ àti ìyókù edé àárọ̀.

Ìgbà náà gan-an ni Natasha wọlé.

Ẹ fojú inú wò ó. Òórùn ọbẹ̀ ata gba gbogbo gbọ̀ngàn. Mummy Juliana wọ épírọ́ọ̀nù, wọ́n tẹ̀ sórí táǹkì pẹ̀lú ṣíbí ìbọbẹ̀, àwọn ẹja sì yí ṣíbí náà ká, wọ́n la ẹnu. Mo ti sọ ọ́ fún àwọn ènìyàn níhìn-ín ní Ìbàdàn tí mo padà sí, wọ́n ní mo ń parọ́.

"Auntie," ni Natasha wí, "ṣé ẹ ń *sè* wọ́n ni?"

Ẹ̀rọ kọfí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlé.

"Sè wọ́n kẹ̀? Rárá o, ọmọ mi," Mummy Juliana dáhùn. "À ń wò ó bóyá iyọ̀ rẹ̀ ṣe déédé ni."

Wọ́n sì gbé ṣíbí náà sẹ́nu.

Wọ́n gbé e mì! Gbì!

Ojú wọn fún pọ̀. Omijé bọ́ lójú kan. Ṣùgbọ́n wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ó dùn dé ibi tó yẹ."

Natasha mi orí bí ẹni tí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yé. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀rọ ìfọmi táǹkì húkọ́ "hẹ́ẹ̀-kù", ó sì bẹ̀rẹ̀ orin rẹ̀ padà: ṣùùùùù. Ẹja kan sọ̀ kalẹ̀. Òmíràn tẹ̀lé e. Felicia jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń mí bí ẹja.

Ìṣíde lọ ní ìrọwọ́rọsẹ̀. Ẹja kankan kò kú. A rò pé ó parí.

Ní ọjọ́ Àìkú, ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Thamesmead East, Daddy Amos jáde síwájú ìjọ pẹ̀lú ìgò kan. Nǹkan pupa kékeré kan léfòó nínú rẹ̀. Felicia gbá apá mi mú.

"Olúwa ò. Ìgò yẹn ni."

"Lọ sọ fún wọn."

"Ta ni? Bàbá ọkọ mi? Láàárín ìjọ?"

"Ìyàwó wa!" Daddy Amos pè é. "Ìwọ ni kó o kọ́kọ́ wá."

Felicia lọ bí ẹni tí wọ́n ń mú lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Wọ́n fi òróró sí iwájú orí rẹ̀, wọ́n tún fi kún un nítorí iṣẹ́ takuntakun rẹ̀. Gbogbo ìjọ tò tẹ̀lé e. Kí a tó dé ìdajì, òórùn kan ti dìde tí fèrèsé kò lè gbé.

"Ta ló gbé pańla wọ ṣọ́ọ̀ṣì?" Mummy Juliana bèèrè.

"Òórùn Òkun Gálílì nìyẹn!" Daddy Amos bú ramúramù. "Apẹja ni Pétérù!"

"Àmín!" ni ìjọ dáhùn, ọwọ́ sì wà nímú.

A jáde. Ológbò kan jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Méjì yọ lábẹ́ mọ́tò. Òmíràn bẹ́ láti orí ògiri: gbì! Nígbà tí a fi máa rìn dé ibùdó bọ́ọ̀sì, gbogbo ológbò àdúgbò ni ó tò tẹ̀lé wa, ìrù wọn ga, "mìáò" lọ́tùn-ún, "mìáò" lósì. Ọ̀kan ti gun èjìká Felicia, ó ń lá a níwájú orí lá-lá-lá, Felicia kò sì gbọdọ̀ pariwo, nítorí bàbá ọkọ rẹ̀ wà níwájú.

Daddy Amos bojú wẹ̀yìn. Wọ́n rí ogunlọ́gọ̀ náà. Wọ́n rí ẹnu tí ó ń là, tí ó ń pa dé. Ọwọ́ méjèèjì tún lọ sókè.

"Felicia! Ẹja ti gbàgbọ́, ológbò ti gbàgbọ́! Bá mi ra ìgò ńlá, ó ku àwọn ajá pápá Plumstead Common!"